Ìtàn Ilé Àtijọ́ Kan ní Abúlé Wa àti Ohun Tó Kọ́ Mi

Abúlé wa wà ní agbègbè Àkànrán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà Àrà, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Ìbàdàn. Láàárín abúlé náà ni ilé alámọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ilé Bàbá, èyí tí bàbá tó bí bàbá bàbá mi kọ́, tí àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ti ń gbé láti ìgbà náà. N kò ní dárúkọ abúlé náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, nítorí pé ohun tí wọ́n sọ fún mi kì í ṣe tèmi nìkan. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín ni bí mo ṣe ṣa ìtàn ilé náà jọ, àti ohun tí iṣẹ́ náà fi yé mi, pàápàá jù lọ pé ìtàn ilé àtijọ́ kì í sí lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ mọ́gàjí, ìbáà jẹ́ baálé, àti pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ní kíkún gbọ́dọ̀ lọ jókòó ti àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọ ilé náà.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn kan nínú ẹbí dábàá pé kí a wó ilé náà, kí a sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn sí ojú ibẹ̀. Páànù ti dípẹtà, ikán ti wọ igi àjà ní apá kan, àgbàrá òjò sì ti ń fọ ẹsẹ̀ ògiri. Nígbà tí wọ́n béèrè pé ta ló ni apá wo, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde. Àgbà kan ní bàbá àgbà nìkan ló kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé nígbà tó ti ogun Kírìjì dé. Èkejì ní àbúrò bàbá àgbà ló kọ́ ìdajì rẹ̀, nítorí náà àwọn ọmọ àbúrò yẹn ló ni apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀kẹta sì ní ilẹ̀ tí ilé dúró lé gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ìyá bàbá àgbà ni wọ́n ti fún un. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ohun tí kálukú gbọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀ ló sọ. Baálé wa wá ní kí èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ já sí asán lọ́wọ́ olùwádìí ni èyí tó ń béèrè ọdún. Àwọn àgbà abúlé kò fi nọ́ńbà ka ọdún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ìgbà, ìṣirò wọn sì dájú bí a bá mọ bí a ṣe ń kà á. Mo kọ́kọ́ kó àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀ jọ sínú ìwé kan: ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ ogun kò túká ní bùdó títí di 1893, ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú, ogun Hítílà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, ikú Adégòkè Adélabú, Pẹnkẹlẹmẹẹsi, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, ìgbà tí ọkọ̀ kúrò ní rírin apá òsì tí ó bọ́ sí apá ọ̀tún, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, ìgbà tí pọ́n-ùn di náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973, àti omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń béèrè pé: ṣé kí lúkúlúkú tó jà ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé Adélabú ti kú nígbà náà? Kò sí àgbà kan tó ronú pẹ́ kó tó dá mi lóhùn.

Báyìí ni mo ṣe rí ọdún ilé náà ká. Bàbá àgbà wà ní bùdó Kírìjì ní ọ̀dọ́, nítorí náà kò lè kọ́ ilé ní oko kí ogun tó túká ní 1893. Wọ́n sì sọ pé àkọ́bí rẹ̀, tí a bí sínú ilé náà, ti ń rìn nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ wo ọkọ̀ ojú irin nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Àárín ọdún mẹ́jọ yẹn ni ìyàrá mẹ́ta àkọ́kọ́ dúró. Èyí bá ìtàn Ìbàdàn fúnra rẹ̀ mu dáadáa, nítorí pé nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin tó jẹ́ pé ogun ni iṣẹ́ wọn ni wọ́n kọjú sí igbó, wọ́n ń wá ilẹ̀ oko, kò sì pẹ́ tí kòkó, tí àwọn àgbẹ̀ Agége ti ń gbìn ṣáájú, fi tàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Igbó apá Àkànrán wà lára ibi tí kòkó ti gbilẹ̀ jù lọ.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó ilé, ibi tí ìtàn náà ti nípọn jù. Ọmọ obìnrin ilé ni mo jẹ́, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ sí wọn, bí wọ́n tilẹ̀ dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ. Ìyá àgbà tí ìtàn rẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ jù lọ jẹ́ ìyàwó àbúrò bàbá bàbá mi, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Kò pe orúkọ mi rí. "Ọkọ mi" ló ń pè mí, yóò sì máa gbìyànjú láti kúnlẹ̀ kí mi, títí èmi yóò fi sáré kúnlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohun tó mọ̀ nípa ilé wa pọ̀ ju ohun tí ọkùnrin èyíkéyìí nínú ẹbí mọ̀ lọ. Mo rò ó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé mi. Ẹni tí a bí sínú ilé kì í kọ́ ilé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fi wọ ibẹ̀. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kíákíá: ta ni yóò kúnlẹ̀ kí ṣáájú ní òwúrọ̀, orúkọ ta ni kò gbọdọ̀ dà lẹ́nu rẹ̀, ọmọ ta ni ọmọ yìí, ta ló bí ìyá ẹni tó ń bá a jà ní ibi odò, èwo ni a kì í sọ lójú bàbá. Ìyálé rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ, ìyá ọkọ rẹ̀ yóò sì kọ́ ọ ní oríkì ìdílé, nítorí pé ìyàwó ló ń fi oríkì jí àwọn ọmọ ilé. Ìmọ̀ yìí ń ti ọwọ́ ìyàwó kan bọ́ sí ọwọ́ ìyàwó mìíràn láìgba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kankan kọjá.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ṣe pàtàkì. Bí mo bá bi ìyá àgbà ní ìbéèrè níwájú àwọn ọkùnrin ilé, yóò ní, "Bàbá yín ló mọ̀ ọ́n," yóò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí tàbí tí a ń pa èkùrọ́, tí ọwọ́ wa dí, ọ̀rọ̀ a máa tú jáde fúnra rẹ̀. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nígbà mìíràn yóò sì ní kí n pa á, n ó sì pa á. Ohun tí ó bá ní kí n pa fóònù kí òun tó sọ, n kò kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìṣòro ńlá kan wà nínú ìtàn àwọn ìyàwó, orúkọ ni. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ. Ó ń sọ wọ́n ní orúkọ tirẹ̀. Ọkùnrin kan náà lè jẹ́ Akọ̀wé lẹ́nu ìyàwó kan, kó jẹ́ Adúmáadán lẹ́nu èkejì, kó sì jẹ́ Ọkọ-mi-àgbà lẹ́nu ẹ̀kẹta, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò kọ ènìyàn mẹ́ta sílẹ̀ níbi tí ẹyọ kan wà. Mo ṣe àtẹ kan fún èyí: mo kọ orúkọ tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ń pe ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àbísọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, àti ìyàrá tó ń sùn. Ìyàrá ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí pé orúkọ lè pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn ń sùn kì í ju ọ̀kan lọ.

Orúkọ àbísọ náà tún ní ìtàn nínú, èyí kò sì ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ, torí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní Babátúndé nínú ilé yóò sọ fún wa pé bàbá àgbà kan ti kú ṣáájú rẹ̀ láìpẹ́. Yétúndé yóò sọ ti ìyá. Ọjọ́ orí Babátúndé àkọ́kọ́ tiwa ni mo fi mọ̀ pé bàbá àgbà tó kọ́lé kú kété ṣáájú ogun Hítílà, nítorí pé ríṣíìtì owó orí tirẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọjọ́ orí wọn hàn. Oríkì orílẹ̀ wa sì mú wa rìn jìnnà sí i. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni wọ́n ń kì wá, àwọn tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé iwájú ni wọ́n fi í gbọgbẹ́. Èyí fi hàn pé kí a tó di ará Ìbàdàn, ará Ìkòyí ni wá, ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí ogun ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tú ká, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi fọ́n kiri Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn àti ibòmíràn. Kò sí ìwé tó sọ ìyẹn fún wa. Ìyá àgbà ló fi ń jí ọmọ ọmọ rẹ̀ láràárọ̀.

Ohun tí ìyá àgbà sọ nípa ilé náà gan-an nìyí. Nígbà tí bàbá àgbà ti Kírìjì dé, kò ní oko. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti wá dá oko sí agbègbè náà ṣáájú, òun ló sì gé apá kan nínú ilẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bàbá àgbà kọ́ ìyàrá mẹ́ta, ó fi ewé gbodogí bò wọ́n. Nígbà tó yá ni àbúrò rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, òun àti àwọn àna rẹ̀ sì fi ọ̀wẹ̀ kọ́ apá ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, lẹ́yìn lúkúlúkú. Bí a bá wò ó, àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọ̀rọ̀ wọn takora ní ìpàdé ẹbí ló sọ òótọ́: ẹ̀kẹta sọ ti ilẹ̀, èkínní sọ ti ìyàrá àkọ́kọ́, èkejì sọ ti apá tí wọ́n lé mọ́ ọn.

N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró lórí ẹnu nìkan, torí náà mo lọ wo ògiri. Ilé alámọ̀ ní ìwà tirẹ̀: ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ ọ́n, wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó lé òmíràn lé e, ẹni tó bá sì wò ó dáadáa yóò rí ìlà tó wà láàárín ìpele kan àti èkejì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa, àwọn ìlà apá ìlà-oòrùn kò bá ti apá ìwọ̀-oòrùn mu. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé wà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì hàn gbangba. Amọ̀ apá àkọ́kọ́ pupa, ó le, ìyá àgbà sì ní erùpẹ̀ ògán wà nínú rẹ̀. Ti apá kejì dúdú díẹ̀ nítorí pé ibi odò ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ògiri ìyàrá àkọ́kọ́ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kò sì ní fèrèsé ju ihò kékeré kan tí ọwọ́ lè gbà. Apá kejì ní fèrèsé ńlá, èyí tí wọ́n sọ pé nítorí àwọn wolé-wolé ni, tí wọ́n máa ń bá baálé wí pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Igi àjà ìyàrá àkọ́kọ́ jẹ́ àgbọn olódù tí ikán kì í fẹ́ jẹ, ó sì dúró ṣinṣin di òní. Igi apá kejì tí kì í ṣe àgbọn olódù ni ikán ti mú. Ó dùn mọ́ mi gidigidi láti rí i pé amọ̀ àti igi ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò pè sí ìpàdé.

Bí wọ́n ṣe pín ìyàrá náà tún fi ètò ìdílé hàn. Ìyálé ló ni ìyàrá tó súnmọ́ ti bàbá jù, ìyàwó kejì tẹ̀ lé e, ìyàwó kẹta sì wà ní ìparí, ọmọ kálukú sì ń sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lójú mi, ìdí, ìyẹn ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ń kà jáde.

Níwájú ilé ni pèpéle tí a ń sá kòkó sí wà, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, ẹnì kan sì fi igi kọ 1951 sí ojú rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Nọ́ńbà yẹn ló ṣí ojú ìtàn mìíràn. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn kòkó tó ń mú ẹ̀ka wú ní agbègbè Ìbàdàn, nígbà tó sì di 1946, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi tó ní àrùn náà àti àwọn tó yí i ká. Fún àgbẹ̀ tí kò tíì rí igi kòkó tó kú lójú ara rẹ̀, gígé igi tó ṣì ń so dà bí ìkà, ìbínú ọ̀rọ̀ yìí ló sì bí Ẹgbẹ́ Máyégún, tó dúró fún àwọn àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà ní ọdún tí wọ́n gbé òun wọlé ni àwọn agékòkó wọ oko ọkọ òun, pé obìnrin ni wọ́n rán lọ bẹ̀ wọ́n nítorí pé bí ọkùnrin bá lọ, àdá ni yóò mú lọ. Apá kan oko lọ. Ṣùgbọ́n owó kòkó gbówó lórí púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, èyí tó kù lóko sì tó ra sìmẹ́ńtì pèpéle àti páànù tí wọ́n fi rọ́pò ti àtijọ́. Gbogbo ohun tó le nínú ilé wa, kòkó ló kọ́ ọ.

Nínú pọ́tímáńtò bàbá bàbá mi ni ríṣíìtì owó orí wà, tí wọ́n fi okùn dì, ọdún dé ọdún. Wọ́n tọ́jú wọn nítorí pé akódà lè béèrè wọn nígbàkúùgbà. Ọdún 1968 àti 1969 kò sí nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ìtàn Àkànrán yóò mọ ìdí. Owó orí ti di pọ́n-ùn mẹ́fà nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan, àwọn àgbẹ̀ sì ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 1968, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn rìn lọ sí Mápó. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ogun. Agbékọ̀yà ni wọ́n ń pe ara wọn, Táfà Adéoyè tó wà lára àwọn aṣáájú wọn sì jẹ́ ará agbègbè wa. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wá bá Táfà ní agbègbè Àkànrán, ìjọba Gómìnà Adébáyọ̀ sì sọ owó orí di pọ́n-ùn méjì ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn.

Nínú ìtàn yìí náà, ohun tí àwọn obìnrin mọ̀ yàtọ̀. Ọkùnrin ilé wa yóò sọ ti ìbọn àti ti oògùn. Ìyá àgbà sọ pé àwọn ọkùnrin kò sùn nílé fún ìgbà pípẹ́, pé àwọn obìnrin ló ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn nínú igbó ní ìdájí, tí wọ́n fi ewé bo igbá bí ẹni tó ń lọ já ẹ̀fọ́, pé àwọn ló sì gbé pọ́tímáńtò ìwé náà sínú àjà, tí wọ́n fi èkùrọ́ bò ó, kí ẹnikẹ́ni má bàa jó o. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n gbé e pamọ́, n kì bá tí rí ìwé kankan. Fún ẹni tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé tirẹ̀: ẹ má fi rọ́bà bò ó, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, nítorí pé àwọn méjèèjì ń ba ìwé jẹ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ fi í sínú àpò ìwé tó gbẹ, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ilẹ̀.

Ilé oko kò lè dá ìtàn rẹ̀ sọ láìsí agbo ilé tó wà ní ìlú. Ará Ìbàdàn lè fi ọdún púpọ̀ gbé oko, ṣùgbọ́n ìlú ló ti ń ṣọdún Iléyá, ìlú ló ti ń gbéyàwó, ìlú náà ni wọ́n sì fẹ́ kí a sin òun sí. Sàréè bàbá àgbà wà ní agbo ilé wa ní Ìbàdàn, kò sí ní Ilé Bàbá. Mo tún lọ sí ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn láti ka nínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, ọmọ ìdílé Apẹ̀rìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní 1914 tí kò sì dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹbí wa kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè, ìjà ilẹ̀ àti wàhálà kòkó tó ń kọ nípa rẹ̀ ni wàhálà tí bàbá àgbà náà wà nínú rẹ̀, ó sì mú kí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà túbọ̀ yé mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gba ìrònú jù. Àwọn jagunjagun Ìbàdàn kó ẹrú lójú ogun, ẹrú sì ṣiṣẹ́ ní oko wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ló ní ẹ̀ka tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti di ọmọ ilé pátápátá, tí a kò sì gbọdọ̀ mẹ́nu kàn án. N kò ní sọ bóyá ilé tiwa wà lára wọn. Àwọn àgbà wa ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi lé ọmọ kúrò nídìí ogún kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé tí gbogbo ẹbí yóò kà, mo sì gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn. Ti ìwọ̀fà nìkan ni mo bá wọn jiyàn lé lórí. Ìwé kan nínú pọ́tímáńtò náà fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà láti rí owó sin bàbá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà, nítorí pé ẹni tó fi agbára ara rẹ̀ dógò kí àna rẹ̀ lè rí ìsìnkú tó yẹ kò ṣe ohun ìtìjú kankan. Baálé ronú sí i, ó sì ní kó wà.

Ẹ̀rù ìwé ni ó kù láti sọ. Nígbà tí àwọn ọmọ gbọ́ pé mò ń kọ ìtàn, àwọn kan rò pé mò ń pín ogún. Ó ní ìdí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí igi ni ọ̀nà tí a fi ń pín ogún láti ilẹ̀ wá, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Orí ò jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń gba tirẹ̀, jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè yàn bí ìjà bá fẹ́ wà. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tí kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ní 1958 tí ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ní 1962, fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé ìyàwó báyìí ló ni ìyàrá báyìí, ẹnì kan lè gbé e lọ sí kóòtù lọ́la. Nítorí náà, a kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé ìwé náà kì í ṣe ìwé ogún tàbí ti ilẹ̀, àgbà kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan sì tẹ ìka sí i. Ní Iléyá, a kà á sókè ní agbo ilé níwájú gbogbo wọn. Ibi tí ìdí méjì kò bá ti fẹnu kò, n kò yan ọ̀kan. Mo kọ ti àwọn méjèèjì sílẹ̀, mo sì sọ ẹni tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ilé náà kò wó. A gbà pé kí ìyàrá mẹ́ta àkọ́kọ́ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wà, kí a sì tún apá ìwọ̀-oòrùn ṣe. Bíríkìlà àkọ́kọ́ tí a pè fẹ́ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kì í dì mọ́ amọ̀ pẹ́, ó sì ń sé omi mọ́ inú ògiri títí yóò fi ṣí kúrò pẹ̀lú amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Amọ̀ ni a fi tún amọ̀ ṣe, a sì fa páànù jáde sí i kí òjò má bàa kan ẹsẹ̀ ògiri mọ́. Ẹ̀dà ìwé ìtàn náà wà lọ́dọ̀ baálé, ó wà ní agbo ilé, ó sì wà lọ́wọ́ ọmọ kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan, tó gbọ́dọ̀ máa kọ ìbí àti ikú sí i.

Ohun tó kù báyìí ni ilé bàbá àwọn ìyàwó fúnra wọn. Nínú gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọ Ilé Bàbá kí lúkúlúkú tó jà, orúkọ tí ọmọ wọn ń jẹ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi: Ìyá tẹni báyìí, Ìyá tẹni báyìí. Ìyá àgbà mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn wá láti Ẹ̀rúnmu, ó sì mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí ọ̀nà gbẹ, èmi àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ obìnrin yẹn yóò lọ síbẹ̀ láti béèrè, àwọn ìyàwó ilé ni a ó sì kọ́kọ́ wá lọ.